Kí Títì Ṣáájú Owó: Ọ̀rọ̀ Lórí Ilẹ̀ Tí Wọ́n Fẹ́ Tà Fún Wa

Gbogbo wa la ti rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ. Ilé-iṣẹ́ kan tí ń pín ilẹ̀ tà fẹ́ kí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa bá òun dòwò pọ̀. Kí wọ́n máa yọ owó nínú owó oṣù wa fún oṣù 36, kí òun sì fún olúkúlùkù ní pulọ́ọ̀tì kan ní apá Ẹ̀pẹ́, nínú ẹsitéètì tí yóò ní títì ọlọ́dà, gọ́tà, omi ẹ̀rọ, iná mànàmáná, ògiri yíká àti géètì. Àwòrán rẹ̀ dára púpọ̀. Igi ọ̀pẹ wà létí títì níbẹ̀, ọmọdé sì ń gun kẹ̀kẹ́.

Ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, wọn yóò ní kí á dìbò lé e lórí. Èmi ti pinnu tèmi. Bí ìwé àdéhùn náà bá wà bó ṣe wà yìí, n kò ní fọwọ́ sí i, n óò sì bẹ ẹ̀yin náà pé kí ẹ má fọwọ́ sí i. Kì í ṣe pé mo kórìíra kí òṣìṣẹ́ ní ilé tirẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé ilé làbọ̀ simi oko? Ẹ̀ẹ̀mejì ni owó ilé ti lé èmi àti ìdílé mi kúrò nínú yàrá tí a ń gbé. Ohun tí mo lòdì sí ni kí owó tán lọ́wọ́ wa kí títì tó dé, nítorí ó ti ṣe mí rí.

Ní 2017, èmi àti àwọn mẹ́ta mìíràn ní gáréèjì tí a ti ń tún bọ́ọ̀sì ṣe ra pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀yìn Ìkòròdú. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó tà á fún wa, nítorí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ lọ́yà. Ọjọ́ Sátidé kan ni wọ́n fi bọ́ọ̀sì wá kó wa. Wọ́n fi orin kó wa lọ, wọ́n fún wa ní ìrẹsì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù. Nígbà tí a débẹ̀, katakata kan ń hó lórí ilẹ̀ pupa, ó ń la ọ̀nà. Ẹ mọ bí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ṣe máa ń dùn mọ́ àwa mẹkáníìkì nínú. A dúró tì í, a ń wò ó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú wa lọ ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Kí ó tó di Kérésìmesì, títì á ti dé ẹnu pulọ́ọ̀tì yín.” Kò sọ Kérésìmesì ọdún wo, àwa náà kò sì bi í.

Oṣù 24 ni a fi san owó náà. Láti ọjọ́ tí a ti rí katakata yẹn, a kò rí i mọ́. Ọ̀nà tí ó ń là dúró sí ẹ̀yìn ọ́fíìsì wọn, ibẹ̀ náà ló sì wà títí di òní. Ọ̀kan nínú wa, tí ọ̀rọ̀ owó ilé ti sú, kọ́ yàrá méjì sórí tirẹ̀, ó sì kó wọ ibẹ̀. Nígbà òjò, bàtà rọ́bà ni òun àti ìyàwó rẹ̀ máa ń wọ̀ láti ilé dé etí ọ̀nà ńlá. Wọn a fi bàtà náà pamọ́ sọ́dọ̀ ìyá alákàrà kan, wọn a wọ bàtà gidi, wọn a wá bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́. Bí wọ́n bá dé lálẹ́, wọn a tún pààrọ̀. Ìyá alákàrà ní lọ́jọ́ òjò, bàtà tó ń wà lábẹ́ tábìlì òun máa ń ju àkàrà tó wà lórí rẹ̀ lọ. A ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí, kò sí ọkọ̀ tó lè wọlé wá gbé e. Ẹ̀yìn ọ̀kadà ni wọ́n gbé e sí, ọkọ rẹ̀ dì í mú lẹ́yìn, àwọn aládùúgbò sì ń fi fóònù tanná síwájú wọn nínú omi. Ọmọ náà wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. N kò mọ bí a bá ṣe máa rẹ́rìn-ín bàtà rọ́bà lónìí ká ní ó rí bí mìíràn.

Ní ọdún kẹrin, lẹ́tà dé. A rò pé wọ́n fẹ́ sọ ọjọ́ tí katakata yóò padà. Àṣé wọ́n ní kí olúkúlùkù san “owó ìdàgbàsókè”, iye tó ju ìdajì owó tí a fi ra ilẹ̀ náà lọ, kí iṣẹ́ títì àti gọ́tà lè bẹ̀rẹ̀. Títì tí wọ́n fi fa ojú wa mọ́ra nígbà tí wọ́n ń ta ilẹ̀ náà ni wọ́n tún fẹ́ tà fún wa lẹ́ẹ̀kejì. A gbé ìwé àdéhùn wa jáde, a sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí n má purọ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a máa kà á tán. Kò sí títì níbẹ̀. Kò sí gọ́tà, kò sí iná. Inú ìwé ìpolówó nìkan ni gbogbo wọn wà. Ohun tí ó wà nínú ìwé tí a fọwọ́ sí ni ìlà kan pé wọn yóò fi iye owó ìdàgbàsókè tó olùrà létí nígbà tó bá yá, gẹ́gẹ́ bí ọjà bá ṣe rí. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la fọwọ́ sí i.

Àwọn kan máa ń sọ pé olè ni gbogbo àwọn tí ń ta ẹsitéètì. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà náwó ni ìṣòro. Owó tí àwọn olùrà àkọ́kọ́ san ni wọ́n fi ń ra ilẹ̀ mìíràn, owó àwọn tó ra ìyẹn ni wọ́n sì ń retí láti fi la títì ti àkọ́kọ́. Bí ọjà bá dáwọ́ dúró, títì dáwọ́ dúró. Nígbà tí ìjọba sì tú owó náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, tí iye náírà já wálẹ̀, tí owó sìmẹ́ńtì àti epo sì ń gòkè, iye tí wọ́n ti ṣírò fún títì kò tó nǹkan mọ́. Paríparì rẹ̀, bí pulọ́ọ̀tì bá ti tà tán, títì kì í mú owó kankan wọlé fún ẹni tó ta ilẹ̀; ìnáwó lásán ló di fún un. Ẹni tí ó ti gba owó rẹ̀ tán, kí ni yóò lé e wá sínú ẹrẹ̀?

Ohun tí òfin wí ńkọ́? Mo ti jókòó ti lọ́yà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yà mí lẹ́nu pé òfin kò ṣe aláìsí. Àdéhùn lórí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀, ohun tí a kọ ni kóòtù sì máa kọ́kọ́ wò. Síbẹ̀, bí ẹni tó ń tajà bá fi ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe òótọ́ mú ọ ra ọjà, òfin lè bá a wí, bí ọ bá lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Nítorí náà, ẹ má ju ìwé ìpolówó nù. Ẹ tọ́jú àwòrán, ẹ tọ́jú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Bí ìwé kò bá dá ọjọ́ fún iṣẹ́, òfin gbà pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ láàárín àkókò tó bójú mu. Ṣùgbọ́n kí ni àkókò tó bójú mu? Lọ́yà tiwọn á ní ọdún mẹ́wàá, tiwa á ní ọdún kan, adájọ́ á wá ní kí á padà wá ní oṣù tó ń bọ̀.

Òfin tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ìyẹn òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2018, wí pé ẹni tó bá gba owó láti ṣe iṣẹ́ fún oníbàárà gbọ́dọ̀ ṣe é lásìkò, kí ó sì ṣe é dáadáa. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó tún un ṣe tàbí kí ó dá nínú owó náà padà. Ó tún ka ìpolówó ẹ̀tàn léèwọ̀. Àjọ tó ń mú òfin yìí ṣẹ ni wọ́n ń pè ní FCCPC. Ní Èkó níbí, òfin ọdún 2021 dá àjọ LASRERA sílẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ ilé tà, àwọn tó ń pín ilẹ̀ tà àti àwọn éjẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. (Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ilẹ̀ ní Ọ̀tà, ní Àgbárá àti ní Mowe, ẹ má gbàgbé pé Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ẹ wà; ọwọ́ LASRERA kò dé ọ̀dọ̀ yín.) Ẹni tí owó tó fẹ́ gbà padà bá ní iye kan pàtó, tí kò sì ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, lè lọ sí kóòtù kékeré tí Èkó dá sílẹ̀ ní 2018 fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, oṣù méjì péré ni wọ́n ní kí ẹjọ́ ibẹ̀ gbà.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fẹ́ gbọ́. Àgọ́ ọlọ́pàá kọ́ ni ibi tí a ń gbé ọ̀rọ̀ àdéhùn tó bàjẹ́ lọ. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 wí kedere pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí pé ó ba àdéhùn jẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni náà kò ní ilẹ̀ rárá, tí ó kàn fi ayédèrú ìwé gba owó, ìyẹn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ìlú. Títì tí kò parí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ ẹni tí ó ná owó tó pọ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá lórí irú ẹjọ́ yìí, tí wọ́n wá sọ fún un lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pé kí ó wá lọ́yà.

Ẹ wá wo gbogbo òfin tí mo kà sílẹ̀ yìí dáadáa. Ẹ óò rí i pé ẹ̀yìn ìgbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́ ni gbogbo wọn ń dé. Wọ́n dà bí àwa tí a ń tún ọkọ̀ ṣe lẹ́yìn tí ó ti forí sọ igi. A wúlò, ṣùgbọ́n bíréèkì ni ìbá ti dára jù. Kóòtù pàápàá kì í fẹ́ pàṣẹ pé kí ènìyàn lọ la títì, nítorí adájọ́ kò lè dúró tì í kí ó máa ka iye tìpá yanrìn. Owó ìtanràn ni ó sábà máa ń fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Bí o bá sì jàre, tí ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé, orúkọ lásán lórí ìwé ni o bá ṣẹjọ́. Òfin tiwa bá ẹni tó ba àdéhùn jẹ́ wí. Kò di owó mú kí àdéhùn tó bàjẹ́.

Ní ilẹ̀ ibòmíràn, wọ́n ti rí bíréèkì yìí fi sí i. Ní England àti Wales, òfin kan ti wà láti 1951, tí ó wà nínú Òfin Highways ti 1980 báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé sí ojú títì tuntun tí kì í ṣe ti ìjọba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san iye tí títì náà yóò ná fún àwọn aláṣẹ títì, tàbí kí ó fi ìdúró tó dájú lé wọn lọ́wọ́, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ilé, àfi níbi tí òfin bá yọ sílẹ̀. Bí ó bá sá lọ, owó títì wà nílẹ̀.

Ti Íńdíà ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí ìṣòro wọn jọ tiwa. Ibẹ̀ náà ni òṣìṣẹ́ ti ń fi owó oṣù san owó ilé tí kò ní òrùlé, tí ó sì tún ń san owó ilé níbi tí ó ń gbé. Wọ́n ṣe òfin kan ní 2016 tí wọ́n ń pè ní RERA. Nínú gbogbo owó tí ẹni tó ń kọ́lé tà bá gbà lọ́wọ́ àwọn olùrà, ìdá 70 nínú 100 gbọ́dọ̀ wà nínú àkántì ọ̀tọ̀ ní báńkì fún ilẹ̀ àti iṣẹ́ ilé náà nìkan. Kò lè fi ra ilẹ̀ mìíràn. Kò sì lè fa owó náà yọ bí ó ṣe wù ú: ẹnjiníà, ayàwòrán ilé àti aṣírò-owó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ti dé ibi báyìí, iye tó bá ibẹ̀ mu ni yóò sì gbà. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn, tí wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kò gbọdọ̀ gbà ju ìdá 10 nínú 100 lọ. Títì, omi, gọ́tà àti iná títì wà nínú ohun tí òfin náà kà sí iṣẹ́ tí ó gbọ́dọ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ inú ìwé ìpolówó pàápàá ń mú un: ẹni tí ó bá gba ìpolówó tí kì í ṣe òótọ́ gbọ́ tí ó sì pàdánù lè gba owó rẹ̀ padà pẹ̀lú èlé. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá bá kọjá, olùrà lè ní òun kò ṣe mọ́, kí ó gba owó rẹ̀ padà pẹ̀lú èlé. Bí ó bá sì fẹ́ dúró, wọn yóò máa san èlé fún un lóṣooṣù títí ilé yóò fi dé ọwọ́ rẹ̀. Àbùkù tí ó bá yọ nínú iṣẹ́ náà láàárín ọdún 5, ẹni tó kọ́ ọ ni yóò tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀.

N kò sọ pé gbogbo nǹkan ti dára ní Íńdíà o. Ilé tí kò parí ṣì pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje 2019, kóòtù tó ga jù lọ ní ilẹ̀ náà gba ìwé ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ Amrapali, ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti san owó fún láìrí ilé, ó sì pàṣẹ pé kí NBCC, ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé tí ìjọba ní, parí àwọn ilé náà. Ṣáájú ìgbà náà, ní 2018, wọ́n tún òfin gbèsè wọn ṣe, tó fi jẹ́ pé bí akọ́létà bá wọ gbèsè, olùrà ilé yóò jókòó pẹ̀lú báńkì nídìí ọ̀rọ̀ owó náà, wọn kò ní lé e sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Àwọn olùrà ló jọ para pọ̀ pariwo kí èyí tó ṣeé ṣe. Ọ̀rọ̀ tí ó yé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nìyẹn.

Ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa gbé irú òfin yìí lọ síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó, kí a sì ní kí àwọn ẹgbẹ́ yòókù ràn wá lọ́wọ́. Ìyẹn yóò pẹ́. Ìbò tiwa kò ní pẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin kò tíì ṣe fún wa, kò sí ohun tó ní kí á má kọ ọ́ sínú àdéhùn fúnra wa. Nínú iṣẹ́ ìkọ́lé ńlá, ẹni tó gbé iṣẹ́ jáde máa ń dá díẹ̀ dúró nínú owó agbaṣẹ́ṣe títí yóò fi rí i pé iṣẹ́ náà kò lábùkù. Kí ló dé tí àwa tí owó wa kéré kò fi lè dá nǹkan kan dúró?

Ohun tí mo fẹ́ kí á béèrè nìyí. Kí wọ́n so àwòrán ẹsitéètì mọ́ ìwé àdéhùn, kí ó sọ bí títì yóò ṣe fẹ̀ tó, irú gọ́tà tí yóò wà, ibi tí omi yóò ti wá, àti ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò parí. Kí ìlà “gẹ́gẹ́ bí ọjà bá ṣe rí” jáde kúrò nínú ìwé náà pátápátá. Kí owó tí wọ́n bá yọ lọ́wọ́ wa má lọ tààrà sápò ilé-iṣẹ́ náà. Kí ó wọ àkántì ọ̀tọ̀ kan tí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní ọwọ́ nínú rẹ̀, kí apá ti ilẹ̀ jáde lẹ́yìn tí lọ́yà tiwa bá ti yẹ ìwé ilẹ̀ wò, kí ìyókù sì máa jáde bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ. Ẹnjiníà tí àwa gbà ni kí ó máa sọ pé iṣẹ́ ti lọ, kì í ṣe tiwọn. Kí ìdá 10 nínú 100 tó gbẹ̀yìn dúró títí òjò ọdún kan yóò fi rọ̀ sórí títì náà. Ẹ̀yin dírẹ́bà ni ẹ mọ̀ jù: títì tí ó dára lóṣù kejì, ẹ jẹ́ kí á rí i lóṣù keje. Bí ọjọ́ bá sì kọjá pẹ̀lú oṣù mẹ́fà tí iṣẹ́ kò parí, kí ẹni tí ó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ padà gbà á pé. Ìwé tí wọ́n mú wá yìí wí pé wọn yóò yọ ìdá 30 nínú 100 lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ gba owó padà, kò sì sọ pé bí ẹ̀bi bá jẹ́ tiwọn ńkọ́.

Kí á má sì gbàgbé pé owó oṣù ni wọ́n fẹ́ fọwọ́ bọ̀. Òfin Iṣẹ́ tí ó wà láti 1974 wí pé olówó-iṣẹ́ kò lè yọ owó irú ètò báyìí láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí i, ó sì wí pé gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹlòmíràn nínú wa ti ń san ìdá 2.5 nínú 100 fún National Housing Fund tí òfin 1992 dá sílẹ̀, ó ń san ti owó ìfẹ̀yìntì, ó ń san gbèsè ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Ìbuwọ́lùwé wa ni kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á kọ ọ́ sínú ìwé tí a máa fọwọ́ sí pé, bí ẹnjiníà bá sọ pé iṣẹ́ dúró, yíyọ owó dúró.

Àwọn kan ti ń sọ pé bí a bá béèrè gbogbo èyí, ilé-iṣẹ́ náà yóò bínú lọ, ilẹ̀ yóò sì wọ́n sí i. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ ń wọ́n sí i. Ṣùgbọ́n kí ló gbé wọn wá sọ́dọ̀ wa? Owó tí wọ́n ń yọ láti orísun ni owó tó dájú jù lọ nílẹ̀ yìí. Kò sí pé wọ́n ń wá olùrà kiri, kò sí pé ẹnìkan gbàgbé láti san. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún olùrà ni wọ́n fẹ́ kó nílẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kì í bẹ̀bẹ̀, ó máa ń ná ọjà ni. Bí wọ́n bá sì sá nítorí pé a ní kí owó títì dúró de títì, a ti mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn, a kò sì ná nǹkan kan kí a tó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí yóò korò lẹ́tí àwọn kan. N kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí alága dìde ní ìpàdé kí ó sọ ọ́ síta bóyá ilé-iṣẹ́ yìí ti ṣèlérí pulọ́ọ̀tì ọ̀fẹ́ tàbí owó éjẹ́ǹtì fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn aṣíwájú wa. Bí kò bá sí, kí wọ́n kọ “kò sí” sínú ìwé ìpàdé. Kí ẹni tó bá wà níbẹ̀ má dìbò.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nínú irú ẹrẹ̀ tí mo wà nísisìyí, ẹ má dá sanwó ìdàgbàsókè kejì láìjẹ́ pé ẹ bá àwọn ará ẹsitéètì yín sọ̀rọ̀. Mo dá kọ lẹ́tà sí àwọn tiwa rí, wọn kò dáhùn títí di òní. Nígbà tí àwa olùrà 38 jọ fọwọ́ sí lẹ́tà kan ṣoṣo tí lọ́yà kọ, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi dáhùn, wọ́n sì ti yí ohùn padà lórí owó náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé katakata kò tíì dé. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan náà lè jọ gbé ẹjọ́ kan lọ sí kóòtù; kò pọn dandan kí olúkúlùkù dá san owó lọ́yà. Ilé ìlàjà tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀, Citizens’ Mediation Centre, kì í gba owó. Kí ẹ sì ṣọ́ ọjọ́ o: ní Èkó, ọdún 6 ni òfin fún ẹni tí wọ́n ba àdéhùn rẹ̀ jẹ́ láti gbé e lọ sí kóòtù, láti ọjọ́ tí àdéhùn náà ti bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń fi “wọ́n ní kí á ní sùúrù” tu ara rẹ̀ nínú ni ọdún ti ń lọ mọ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀dà ìwé àdéhùn tuntun náà wà lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹ̀ka wa, ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kà á. Ẹni tí kò bá mọ Gẹ̀ẹ́sì kà dáadáa, kí ó wá bá mi ní gáréèjì ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, a óò jọ kà á. Ojú ewé kẹta ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, níbi tí lẹ́tà rẹ̀ ti kéré jù.